Ẹ̀jẹ́ Tí Bàbá Mi Jẹ́ Lábẹ́ Ọkọ̀

Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ tí bàbá mi padà dé láti ilé ìwòsàn, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ sáré jáde lọ pàdé rẹ̀. Màmá ń yan gàrí lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn ilé wa ní Odigbo, èmi ń kù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín sì ti mú kí ojú àwa méjèèjì pọ́n. Bí mo ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ níwájú ilé, mo ju asẹ́ sílẹ̀, mo sáré gba inú ilé kọjá, mo sì bọ́ síta pẹ̀lú gàrí ní apá mi méjèèjì. Bàbá ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó ń wá bí yóò ṣe fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dúró. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Dípò ẹ̀rín, ńṣe ni ojú rẹ̀ fà ro. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú gírígírí, ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ajá wa dà?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá mi, pẹ̀lú bí ẹ ti pẹ́ tó lórí ibùsùn, ajá lẹ kọ́kọ́ ń béèrè?"  Màmá ti so ajá náà mọ́ ìdí igi ọsàn láti àárọ̀ nítorí àwọn ará ìjọ tí yóò wá kí wa. Ajá yìí, lójoojúmọ́ ayé, òun ni í kọ́kọ́ sáré pàdé ẹnikẹ́ni tó bá dé. Bàbá wọlé, ó jókòó, àwọn èèyàn ń kọrin ọpẹ́ yí i ká, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò gbójú sókè wò mí mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Oko rẹ̀ wà ní apá Ajue, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti aláriwo. Láràárọ̀, kó tó gbé àdá, yóò ka Bíbélì rẹ̀, ìka kan yóò máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì kà, ó gbà pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Èmi ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Mo ti rí ààyè gbà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan ní Ondo láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Báàgì mi ti wà ní ìdí ògiri, ó ku kí n gbé e.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá pe èmi àti Màmá sí pálọ̀. Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà fún wa, èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí Ore lọ ra oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó. Nígbà tó ń bọ̀, ọkọ̀ tó wọ̀ yà fún ọkọ̀ ńlá kan, ó já sínú igbó, ó sì dojú dé. Àga tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹntiróòlù sì ń kán sí i láyà.

Ó ní, "Mi ò lè mí dáadáa. Mo ní, 'Olúwa, bí O bá yọ mí kúrò níbí, tí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilé mi, ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ jáde wá pàdé mi, tìrẹ ni.' Bí mo ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni mo gbọ́ ohùn àwọn èèyàn. Wọ́n fà mí yọ." Ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. "Ajá ni mo ní lọ́kàn."

Ó ṣí Bíbélì sí ibi ìtàn Jẹfta, balógun Ísírẹ́lì tó jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ kan náà kó tó lọ sógun, tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì jó jáde wá pàdé rẹ̀ nígbà tó ṣẹ́gun dé. Bàbá kò kà á dé òpin. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé ẹni tó bá ti la ẹnu rẹ̀ sí Olúwa kò gbọdọ̀ yí i padà, àti pé Ọlọ́run tó fún òun ní ẹ̀mí lè gbà á padà nígbàkígbà. Ó ti ronú rẹ̀ lórí ibùsùn títí. Ilé àdúrà kan wà ní ọ̀nà Agbabu tí àwọn obìnrin tó ti ya ara wọn sọ́tọ̀ ń gbé. Wọn kì í lọ́kọ, wọn kì í ṣòwò, àdúrà ni iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni yóò fi mí sí, títí ayé mi.

Bí mo bá rántí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, ẹ̀rín ara mi a máa pa mí. Mo kúnlẹ̀. Mo fi ohùn tí mo máa ń lò nínú eré Kérésìmesì ìjọ wa sọ̀rọ̀, mo ní, "Bàbá mi, ẹ ṣe é fún mi bí ẹ ti wí." Mo mọ̀ pé ọmọbìnrin inú ìtàn yẹn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Omi bọ́ lójú Bàbá.  Màmá dìde, ó padà sí ìdí agbada, gàrí tó yan ní ọ̀sán ọjọ́ náà sì jóná débi pé adìẹ ló jẹ ẹ́.

Ìròyìn náà tàn ká ìjọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọmọ Ẹ̀jẹ́. Àwọn ìyá tí kì í rí mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fún mi lórí àga, òmíràn a sì ní kí n gbé ọwọ́ lé ọmọ òun lórí. Ṣé kí n pa irọ́? Ó dùn mọ́ mi. Wọ́n rán aṣọ funfun kan fún mi, mo sì kọ́ bí èèyàn ṣe ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nínú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń yọjú wo dígí bóyá ojú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn bíi ti àwọn ẹni mímọ́ inú àwòrán, ṣùgbọ́n irorẹ́ ojú mi ṣì wà níbi tó wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti bọ́ lọ́kàn mi, tàbí mo ń ṣe bí ẹni pé ó ti bọ́. A fi ètò ìyàsọ́tọ̀ mi sí ẹ̀yìn ìkórè.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Èmi nìkan ló wà nílé. Alága àwọn obìnrin ìjọ ti ní kí n múra ẹ̀rí tí màá jẹ́ lọ́jọ́ ètò náà sílẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí n ka ìtàn Jẹfta fúnra mi, kí n lè tò ó dáadáa. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti ní kí bàbá òun fún òun láyè láti lọ sórí òkè pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, kí òun sunkún pé òun kò ní í mọ ọkọ. Mo kà á kọjá ibẹ̀. Ó lọ, ó padà wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ṣe é bí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo padà sókè lọ wo ohun tí ẹ̀jẹ́ náà jẹ́. Ẹbọ sísun ni.

Láti kékeré ni mo ti rò pé ọmọ náà lọ gbé inú tẹ́ḿpìlì ni. Kò sẹ́ni tó ka òpin rẹ̀ fún wa rí.

Mo pa ìwé náà dé, mo tún ṣí i. Ìgbà tí ojú mi ti là ni mo wá ń rí àwọn ibòmíràn tí mo ti ń kọjá lára wọn láti ọjọ́ yìí: àwọn ọmọdé tó fi wòlíì ṣe yẹ̀yẹ́ tí béárì jáde wá fà wọ́n ya, ìlú tí wọ́n ní kí wọ́n pa run tàgbà tèwe. Mo fẹ́ gbàdúrà, àdúrà kò wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kún inú mi: ta gan-an ni Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi mí fún yìí? Mo ti pè é ní Ọlọ́run rere láti ìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló gba ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, mi ò mọ bí màá ṣe lo gbogbo ọjọ́ ayé mi nínú ilé rẹ̀ tí màá máa kọrin fún un. Bí mo bá sì ní mi ò lọ mọ́, tí nǹkan ṣe Bàbá ńkọ́? Mo gbé àníyàn méjèèjì pọ̀. Mi ò jẹun kánú mọ́, aṣọ funfun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù mí lọ.

Màmá ló kọ́kọ́ bi mí. A ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ lábẹ́ òrùlé páànù tó wà lẹ́yìn ilé. Kò wò mí, ó kàn ń bẹ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ lọ, ó ní, "O ti kà á dé òpin, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Èmi náà ti kà á. Ọjọ́ tí bàbá rẹ sọ̀rọ̀ gan-an ni mo lọ kà á. Láti ìgbà yẹn, mi ò bá Ọlọ́run sọ nǹkan kan mọ́. Mo kàn ń kí i pé ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ kó di pé mi ò kí i."

Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nìyẹn, ẹkún náà sì pẹ́. Màmá jẹ́ kí n sun ún tán. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní kí n dìde, kí n fọ ojú, kí a lọ bá àlùfáà.

Àlùfáà wa kò tíì pẹ́ ní Odigbo. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, tó máa ń tijú bí àwọn àgbà bá kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì lọ. A bá a níbi tó ti ń sá aṣọ rẹ̀ sórí okùn, ó sì fi ṣẹ́ẹ̀tì tútù dání tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ tèmi tán. Mo rò pé yóò sọ pé ìgbàgbọ́ mi kéré. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì náà sínú bàsíà, ó jókòó lórí pèpéle.

Ó ní, "Mi ò wàásù lórí ibẹ̀ yẹn rí. Bí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń fò ó ni. Àwọn kan kọ́ wa pé wọn kò sun ọmọ náà, pé wọ́n kàn fi í pamọ́ láìlọ́kọ ni. Mo lè fi ìyẹn tù ọ́ nínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èmi ń rí kà níbẹ̀ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ pa irọ́ fún ẹ nítorí Ọlọ́run. Fún mi ní ọjọ́ díẹ̀."

Mo padà sílé pẹ̀lú ìjákulẹ̀, síbẹ̀ ara mi fúyẹ́ díẹ̀. Àlùfáà pàápàá ń bẹ̀rù ibẹ̀. Kì í ṣe èmi nìkan.

Ọ̀sán Sátidé ni àlùfáà wá sílé wa. Kòkó wà ní sísá níwájú ilé, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá jókòó lórí àga onígi, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún lé àpótí. Nígbà tó rí i pé Bíbélì ni àlùfáà gbé dání, tí èmi àti Màmá sì ti inú ilé jáde wá, ó ti mọ ohun tó bá wá.

Ó ní, "Àlùfáà, ẹ má wá bá mi ṣe àríyànjiyàn. Mo ti la ẹnu mi sí Olúwa."

Àlùfáà ní, "Mi ò wá ṣe àríyànjiyàn, sà. Mo ní kí a jọ kà á ni."

Wọ́n kà á. Bàbá ló ń kà, ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, títí ó fi dé òpin tí kò kà fún wa lọ́jọ́ náà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Àlùfáà bi í pé, "Ẹ bá mi wo ibi tí Ọlọ́run ti béèrè ọmọ náà."

Bàbá padà sókè. Ó wá a. Ó ṣí ojú ìwé kan padà, ó tún ṣí i síwájú. Mo ń wo ìka rẹ̀ bó ti ń lọ, tó ń dúró, tó tún ń lọ. Ó yọ ìka rẹ̀ kúrò lórí ìwé. Ó ní, "Kò sọ nǹkan kan. Jẹfta ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ náà dá a lóhùn. Ọlọ́run kò dá sí i."

"Ohun tó dẹ́rù bà mí láti ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà nìyẹn," àlùfáà wí. "Mo rò pé bí kò ṣe sọ̀rọ̀, ó fọwọ́ sí i ni. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo tó ronú pé bóyá ó ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀." Ó ṣí ìwé òfin, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bí ẹnì kan bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tó kan ẹ̀mí èèyàn, kí wọ́n fi owó ra onítọ̀hún padà. Bí agbára ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ kò bá gbé e, kí àlùfáà wo ohun tí apá rẹ̀ ká, kí ó sì dá ìyẹn fún un. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé ọ̀kan nínú àwọn wòlíì, níbi tí Ọlọ́run ti ń bínú sí àwọn tó ń sun ọmọ wọn nínú iná, tó ní òun kò pàṣẹ rẹ̀, pé kò tilẹ̀ wá sí òun lọ́kàn.

Bàbá ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ó tún un kà. Ó gbé orí sókè. "Òfin ìràpadà yìí, ṣé ó ti wà nígbà ayé Jẹfta?"

"Ó ti wà, sà. Ó ti wà tipẹ́."

"Ta ni ì bá sọ fún un?"

Àlùfáà ní, "Iṣẹ́ àlùfáà ni. Ẹnì kankan kò lọ bá a. Ìdí nìyẹn tí èmi fi wá."

 Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ilé ìwòsàn dé, mo sì ti rò pé ìrora ẹsẹ̀ ni. Ọjọ́ náà ni mo wá mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ó bi àlùfáà léèrè, bí ọmọdé ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, pé, "Ọlọ́run kò ní í wá gba ẹsẹ̀ kejì?"

Màmá ló dáhùn. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, nígbà tí ọmọ yìí kéré, tí ibà mú un, ó ní bí mo bá máa jẹ́ kí ibà náà lọ, òun kò ní í béèrè ẹran lọ́wọ́ mi mọ́ láé. Ó fi ẹkún búra. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ṣé mo yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀?"

Bàbá wò ó. Ó wò mí. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ẹkún wá tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì sì pa pọ̀ débi pé mi ò mọ èwo ni ti èwo. Ó na ọwọ́ sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dì mọ́ mi láti ọjọ́ tó ti dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní Ìkálẹ̀, ẹ̀ka èdè ibi tí wọ́n bí i sí, èyí tí kì í fi gbàdúrà ní gbangba, kò sì sọ ju pé ó ṣeun, ó ṣeun, ó ṣeun. Màmá bá a ṣe àmín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ àmín lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó ní òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́, kí àlùfáà dá ohun tí apá òun ká fún òun. Àlùfáà ronú títí. Ó ní kí Bàbá máa bá àwọn ará ìjọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ore, kí ó máa jókòó ti àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, pàápàá àwọn èrò ọ̀nà jíjìn tí èèyàn wọn kò tíì dé. Bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí olórí ilé àdúrà ọ̀nà Agbabu, obìnrin náà sì fèsì pé inú òun dùn, nítorí pé àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá nìkan ni òun ń gbà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e tó parí, mo ti wà ní Ondo. Mo wọ aṣọ funfun náà lọ sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó dìde fún mi. Olùkọ́ kan kàn bi mí bóyá nọ́ọ̀sì ni mí, pé mo ti ṣi yàrá wọ̀.

Ọdún ti gorí ọdún báyìí. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ore, lọ́jọ́ Àìkú mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìjọ wa ní Bíbélì. A kì í fo ibi kankan. Nígbà tí a bá kan ìtàn Jẹfta, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kà á dé òpin, kí wọ́n sì sunkún bí wọ́n bá fẹ́, nítorí pé ọmọ náà kú, ìràpadà tó wà nínú òfin kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn náà kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò bo ikú rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn kò sì fi ohùn Ọlọ́run sí ibi tí kò ti sọ̀rọ̀. Ní ti béárì àti àwọn ìlú tí wọ́n pa run, mi ò ní ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn títí dòní, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kì í dẹ́rù bà mí mọ́ láti sọ ọ́. Mo ti fi ojú ara mi rí i pé èèyàn lè gbé ìbéèrè tó le jù lọ lọ síwájú Ọlọ́run, kí ó sì padà sílé láàyè.

Bàbá ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi ni mo gbé e lọ níjọ́sí. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà lórí ibùsùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé láti ojú ọ̀nà, ó ń ṣe ìlérí oríṣiríṣi fún Ọlọ́run, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá fa àga súnmọ́ ọn, ó jókòó, ó gba ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọmọ mi, má ṣèlérí kankan. Ó ti gbọ́ ẹ."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wò ó bí ọmọkùnrin náà ti dákẹ́, tí èémí rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì rò ó pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá fi wá mọ ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn, àti pé èmi náà ṣì ń kọ́ ọ.